Bí HPV ṣe wọ́pọ̀ tó àti bá a ṣe lè dènà ẹ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹkún nìkan ni mò ń gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó lóun lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní kí obìnrin tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún máa ṣe, èsì ẹ̀ ti jáde, wọ́n kọ HPV síbẹ̀, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì kan tó ń tipasẹ̀ ìbálòpọ̀ ràn, tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wọ́n wá kọ pọ́sítíìfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà nílé ọkọ. Ìbéèrè méjì ló ń bi mí, tó bá bi mí tán á tún bẹ̀rẹ̀: "Ṣé mo ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn? Ta wá ni ọkọ mi lọ bá sùn?"

Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ ni rárá. Ìdáhùn sí ìkejì ni pé bébà tó mú dání yẹn ò lè sọ fún un, kò sì sí dọ́kítà kankan tó lè sọ ọ́. Ká ní ẹnì kan ti jókòó tì í, tó ti ṣàlàyé nǹkan méjì yìí fún un kó tó lọ gba èsì, kò ní fojú sunkún mọ́jú. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì mọ bó ṣe pọ̀ tó

HPV kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan. Ẹbí ńlá ni, fáírọ́ọ̀sì tó lé ní 200 ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ju kí wọ́n mú kókó kékeré hù sọ́wọ́ tàbí sẹ́sẹ̀ èèyàn lọ. Bíi 40 nínú wọn ló máa ń lọ sí ojú ara, ihò ìdí, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn 40 yìí náà ò dọ́gba o. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá irú kọ̀ọ̀kan mọ̀: nọ́ńbà 6 àti 11 ló ń fa kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń hù sójú ara tàbí sí ìdí, ó ń yọni lẹ́nu, ó ń tini lójú, àmọ́ kì í sábà di jẹjẹrẹ. Nọ́ńbà 16 àti 18 lọ̀gá, torí àwọn méjèèjì ló wà nídìí bíi 70 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tó ń ṣe àwọn obìnrin láyé.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Harald zur Hausen ló tú àṣírí yìí. Nígbà tó ń sọ pé HPV ló ń fà á, àrùn míì làwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fura sí, àmọ́ kò dákẹ́, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí nọ́ńbà 16 lọ́dún 1983, wọ́n rí 18 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbà tó di 2008 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ibi tó ti rí i yẹn náà ni àjẹsára tá a máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wá.

Ó dáa, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ó pọ̀ débi pé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó bá ti ń ní ìbálòpọ̀ ló máa ní in nígbà kan láyé ẹ̀, tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì ní mọ̀ rárá torí kì í dun èèyàn, kì í yúnni, kò ní fa ibà. Ọkùnrin ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023, tí wọ́n kó èsì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀ ṣe, fi hàn pé ọkùnrin kan nínú mẹ́ta tó ti lé lọ́mọ ọdún 15 ló ní ó kéré tán irú HPV kan lójú ara, ẹnì kan nínú márùn-ún sì ní irú tó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ wo ọkùnrin mẹ́ta tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Bó ṣe wọ́pọ̀ tó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ wá nìyí: nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá ní in, ara àwọn mẹ́sàn-án á lé e lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọdún méjì, láì lo oògùn kankan. Ẹyọ kan tó kù, tó jẹ́ irú burúkú yẹn ló jókòó sí i lára tí kò lọ, òun la gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà lọ̀rọ̀ ẹ̀. Á kọ́kọ́ máa yí sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́nu ilé ọmọ pa dà, obìnrin náà á máa lọ síbi iṣẹ́, á máa bímọ, kò ní mọ nǹkan kan, ó sì máa ń gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Fún ẹni tí agbára ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pàápàá ẹni tó ní kòkòrò HIV tí kò sì gba ìtọ́jú, ó lè máà ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Ẹ ronú sí i. Àìsàn tó fún wa ní ogún ọdún gbáko láti rí i ká sì yọ ọ́ kúrò, síbẹ̀ lọ́dún 2022 nìkan, bíi 660,000 obìnrin ni wọ́n sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ yìí, bíi 350,000 sì kú. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rántí, torí ìyá ẹnì kan ni wọ́n, aya ẹnì kan ni wọ́n, àyè sì wà láti gbà wọ́n sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má wá ẹni tó kó o ràn yín

Mo mọ̀ pé eléyìí le, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Ara tó kan ara lójú ara ni HPV fi ń ràn, kò dìgbà tí nǹkan ọkùnrin bá wọlé, ìbálòpọ̀ ẹnu tàbí ti ìdí náà lè gbé e, obìnrin sì lè kó o ran obìnrin. Ẹni tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló bá sùn rí láyé ẹ̀ lè ní in. Tó bá sì ti wọlé, ó lè sùn lọ fọnfọn lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí tẹ́ẹ̀sì má rí i, kó tún wá jí padà nígbà tí ara bá rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí wọ́n rí lónìí lè ti wọlé kẹ́ ẹ tó mọ ọkọ yín tàbí ìyàwó yín. Ó lè wá látọ̀dọ̀ yín, ó lè wá látọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Kò sí déètì lára ẹ̀.

Ìgbéyàwó ti ń mì torí bébà yìí, mo ti rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún ẹnì kejì yín, ẹ má sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, ẹ má sì sọ ọ́ bí ẹni ń fẹ̀sùn kanni. Ẹ kàn lè sọ pé: "Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n rí HPV. Wọ́n ní ó wọ́pọ̀ gan-an, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ìgbà tó wọlé. Mo máa padà lọ fún àyẹ̀wò tó kù, mo sì fẹ́ kó o bá mi lọ." Ó ti tó. Tí ọkọ bá ní òun náà fẹ́ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ láti fi hàn pé òun mọ́, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kò tíì sí tẹ́ẹ̀sì HPV tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọkùnrin láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó lọ rí dọ́kítà tó bá rí kókó tàbí egbò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gba abẹ́rẹ́ fọ́mọ kó tó di pé ó nílò ẹ̀

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ́dún 2006 ni àjẹsára HPV kọ́kọ́ jáde, látìgbà náà àìmọye mílíọ̀nù ọmọ ló ti gbà á. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká kọ́kọ́ fún. Àwọn kan máa ń bínú sí ọjọ́ orí yìí, wọ́n á ní ṣé a fẹ́ kọ́mọ náà máa ṣe ìṣekúṣe ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé: abẹ́rẹ́ yìí ò lè lé HPV tó ti wọlé, kó má wọlé ló ń ṣe, nítorí náà ìgbà tó dáa jù ni kí ọmọ tó mọ ọkùnrin rárá. Yàtọ̀ síyẹn, ara ọmọ kékeré máa ń gbà á ju ti àgbàlagbà lọ. A máa ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ kó má bàa ní ikọ́ fée, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ńṣe là ń rán an lọ pàdé ikọ́ fée.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n máa gún un? Tẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ó wá di ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tó di 2022 Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹyọ kan náà lè tó fún ọmọ ọdún 9 sí 20, orílẹ̀-èdè kan lè yan ẹyọ kan, òmíràn lè yan méjì. Ẹni tó bá ti pé 21 á gba méjì, oṣù mẹ́fà á sì wà láàárín wọn. Ẹni tó ní HIV, tàbí tí agbára ara ẹ̀ kéré nítorí àìsàn míì, gbọ́dọ̀ gbà ju ẹyọ kan lọ, ó kéré tán méjì, mẹ́ta ló dáa jù. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò níbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú káàdì ẹ̀ dáadáa torí wọ́n máa béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun kó tó lọ. Ẹ wọ aṣọ tí apá ẹ̀ ṣeé ká sókè fún un, torí orí apá ni wọ́n ń gún un sí. Ẹ sọ òótọ́ fún un pé ó máa ta á díẹ̀. Tí wọ́n bá gún un tán, ẹ má jẹ́ kó dìde sáré, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15, torí òyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ti ń dàgbà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kì í ṣe HPV nìkan, abẹ́rẹ́ èyíkéyìí ni, ìbẹ̀rù àti ara tó gan ló ń fà á, ìṣubú ẹ̀ ló sì ń ṣeni léṣe. Lálẹ́, apá lè máa dùn ún, ó lè pọ́n, ara lè gbóná díẹ̀, orí lè fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta ó ti lọ. Tó bá ti ní nǹkan tó máa ń kọ̀ lára ẹ̀ gidigidi tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un.

Ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bà àwọn òbí jù ni pé abẹ́rẹ́ náà á jẹ́ kọ́mọ yàgàn. Mi ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín lórí ẹ̀, ẹ̀rù tó bá jẹ mọ́ ọmọ bíbí kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: èèpo òde fáírọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ṣe jọ, inú ẹ̀ ṣófo, kò sí ohun tó lè fi bí sí i tàbí fa àrùn. Ara á kàn rí èèpo yẹn, á dá a mọ̀, á sì máa dúró dè é. Ó ti lé ní ọdún 15 tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn tó gbà á, wọn ò rí i pé ó ń dí ọ̀nà ọmọ. Ohun tó ń dí ọ̀nà ọmọ gan-an ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, torí nígbà míì ńṣe ni wọ́n máa gé ilé ọmọ náà kúrò.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Sweden, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020 rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó gbà á kí wọ́n tó pé 17 ní jẹjẹrẹ yìí kéré sí ti àwọn tí kò gbà á ní 88 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Scotland, èsì tó jáde lọ́dún 2024 sọ pé nínú àwọn tó gbà á pé pérépéré nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 12 sí 13, wọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní in. Ẹyọ kan ò sí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkùnrin náà lè gbà á, orílẹ̀-èdè tó pọ̀ ló ń fún àwọn ọmọkùnrin, torí HPV ń fa jẹjẹrẹ ọ̀fun, ti ihò ìdí àti ti nǹkan ọkùnrin. Níbi tí abẹ́rẹ́ ò bá ti tó, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń fi ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tẹ́ ẹ bá ti dàgbà kọjá ìyẹn ńkọ́?

Ẹ lè gbà á ṣì. Ẹni tó ti ń ní ìbálòpọ̀, kódà ẹni tí wọ́n ti rí HPV lára ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú kan ṣoṣo ló ti bá pàdé, abẹ́rẹ́ á dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fọwọ́ sí i dé ọmọ ọdún 45. Ṣùgbọ́n bọ́jọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè ni èrè ẹ̀ ń dín kù, nítorí náà lẹ́yìn bíi ọdún 26, ẹ jókòó bá dọ́kítà sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó náwó. Aboyún á dúró dìgbà tó bá bímọ. Tó bá ti gbà á kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kó fọkàn balẹ̀, wọn ò rí i pé ó ń ṣe ọmọ inú ní nǹkan, èyí tó kù ni kó sún síwájú. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn lè gbà á.

Lójú tèmi o, fún ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n, tẹ́ẹ̀sì ló ṣe pàtàkì ju abẹ́rẹ́ lọ. Tówó bá tó ẹyọ kan péré, tẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kóńdọ̀mù àti sìgá

Kóńdọ̀mù ń dín in kù, ẹ lò ó, àmọ́ kò lè dènà ẹ̀ tán torí ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó bò ṣì ń kan ara. Sìgá ń jẹ́ kí HPV pẹ́ lára, torí ó ń dín agbára ara kù, nítorí náà ẹni tó ń mu ún tí wọ́n sì rí HPV lára ẹ̀ ti ní ìdí kan sí i láti fi í sílẹ̀. Dídá abẹ́ fún ọkùnrin náà máa ń dín in kù. Ẹni tó ní HIV kó máa lo oògùn ẹ̀ déédéé, torí ewu jẹjẹrẹ yìí tó ìlọ́po mẹ́fà lára obìnrin tó ní HIV.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má ki nǹkan bọ ojú ara láti fi fọ HPV jáde. Ẹ má fi ọṣẹ fọ inú ẹ̀. Kò sí oògùn kankan láyé, ti òyìnbó tàbí tìbílẹ̀, tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí fúnra ẹ̀, ẹni tó bá ní òun ní in, owó yín ló ń wá. Kókó tó hù sójú ara ni wọ́n lè fi oògùn pa tàbí kí wọ́n yọ, sẹ́ẹ̀lì tó ti ń yí padà ni wọ́n sì lè tọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀sì HPV láti ọgbọ̀n ọdún, kó sì máa tún un ṣe lọ́dún 5 sí 10. Ẹni tó ní HIV á bẹ̀rẹ̀ ní 25, á sì máa ṣe é lọ́dún 3 sí 5. Orílẹ̀-èdè míì máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ẹ tẹ̀ lé ti ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe é, torí abẹ́rẹ́ ò ká gbogbo irú ẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í ṣe tẹ́ẹ̀sì HPV fún ọmọ ogún ọdún? Torí ní ọjọ́ orí yẹn ó wọ́pọ̀ gan-an lára wọn, ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì máa lé e lọ, ẹ̀rù lásán ni wọ́n á fi bà wọ́n.

Oríṣi mẹ́ta lẹ lè bá pàdé. Èyí tó dáa jù ni tẹ́ẹ̀sì HPV fúnra ẹ̀, tó ń wá fáírọ́ọ̀sì náà. Èkejì ni Pap smear, wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wò ó bóyá ó ti ń yí padà, bíi ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ti fínígà: wọ́n á fi òwú tẹ fínígà tí wọ́n ti bu omi là sí ẹnu ilé ọmọ, lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú kan ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti yí padà á funfun, nọ́ọ̀sì á sì fojú rí i lójú ẹsẹ̀. Ti fínígà ò dáa fún obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá, torí ibi tó yẹ kí wọ́n wò ti sún wọnú lọ.

Kẹ́ ẹ tó lọ: ẹ mú ọjọ́ tí nǹkan oṣù ò ní wà níbẹ̀. Fún ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má ní ìbálòpọ̀, ẹ má lo oògùn tí wọ́n ń tì bọ ojú ara. Ẹ wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ìró, kó má bàa jẹ́ pé gbogbo aṣọ lẹ máa bọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa gbà á, bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ máa dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ máa ká orúnkún sókè, ẹ máa ya ẹsẹ̀. Irin tàbí rọ́bà kan tó dà bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n máa fi ṣí ojú ara díẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹnu ilé ọmọ, ó máa ń tutù, ó máa ń fúnni, kò yẹ kó dunni tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má di ẹ̀mí mú, ẹ máa mí sóde gbooro, tẹ́ ẹ bá di ẹ̀mí mú ńṣe ni ibẹ̀ máa le sí i. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ fẹ́ obìnrin tó máa ṣe é, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lo èyí tó kéré, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n dúró ná. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré yí i ká níbẹ̀, ó ti parí, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ bíńtín lọ́jọ́ yẹn, ẹ má fòyà.

Ó sì wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè gbà á, nínú ilé ìwẹ̀ yín pàápàá, níbi tí wọ́n bá ti ń fún èèyàn ní ohun èlò ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì HPV nìkan ló sì wà fún. Ẹ fọwọ́ yín. Ẹ yọ igi olówùú náà jáde, ẹ má jẹ́ kí orí ẹ̀ kan nǹkan kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sórí àpótí tàbí kẹ́ ẹ lóṣòó. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣí ojú ara, kẹ́ ẹ fi èkejì tì í wọlé jẹ́jẹ́ títí dé bíi ìdajì ìka tàbí ibi tí wọ́n fi àmì sí lára ẹ̀, ẹ yí i po, kẹ́ ẹ kà dé ogún. Ẹ fà á jáde, ẹ tì í padà sínú ike ẹ̀, ẹ dé e, ẹ kọ orúkọ sí i. Kò pọn dandan kó kan ẹnu ilé ọmọ, HPV á ti wà nínú omi ibẹ̀. Èsì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa bíi ti èyí tí nọ́ọ̀sì gbà, ẹ má rò pé ti yín ò ní pé. Fún ẹni tí ojú ń tì, eléyìí ni mo máa ń sọ fún pé kó béèrè.

Ìgbésẹ̀ keje: àmì tí kò gbọ́dọ̀ dúró de tẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan oṣù sí òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ lára ìyá tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá, bó ti wù kó kéré mọ. Omi tó ń rùn tí kò lọ. Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ti ẹ̀yìn tí kì í lọ. Ó lè jẹ́ nǹkan míì o, àmọ́ dọ́kítà ló máa sọ ìyẹn, lọ́sẹ̀ yẹn náà. Ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè, torí wọn ò ní sọ ọ́ fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ padà lọ gba èsì, kẹ́ ẹ sì ṣe ohun tó bá sọ

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sọ́nà. Wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì, ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n padà lọ.

Tó bá jẹ́ nẹ́gítíìfù, ẹ béèrè ọdún tẹ́ ẹ máa padà wá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pọ́sítíìfù, fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n rí, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè pé irú wo ni. Tó bá jẹ́ 16 tàbí 18, wọn ò ní fi falẹ̀, wọ́n á fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹnu ilé ọmọ, wọ́n sì lè bù bíńtín nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ àwọn yòókù, wọ́n lè kọ́kọ́ ṣe Pap smear tàbí ti fínígà, tí ibẹ̀ bá mọ́ wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ká wò ó bóyá ara ti lé e lọ.

Tí wọ́n bá rí ibi tó ti ń yí padà, wọ́n lè fi òtútù tàbí iná pa á. Ti iná yẹn, irin kékeré kan tó gbóná ni wọ́n máa fi kan ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 40, ó lè fún ọ nínú bí ìgbà tí nǹkan oṣù fẹ́ wá, ẹ ò ní sùn sí ọsibítù. Lẹ́yìn ẹ̀ omi á máa jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ò sì ní ní ìbálòpọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí egbò náà lè jinná. Tí ibẹ̀ bá fẹ̀ jù, wọ́n á fi okùn tín-ín-rín tó ní iná gé e yọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ pa ìrora ibẹ̀. Ìwọ̀nba yìí ló dúró láàárín obìnrin àti jẹjẹrẹ. Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn ọdún kan kí wọ́n wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi tó sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ká bébà ẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ. Nọ́ọ̀sì tá a bá níbẹ̀ tún bébà náà ká ṣílẹ̀ lórí tábìlì, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó fi bíírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí, kì í ṣe 16, kì í ṣe 18. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Lálẹ́ yẹn ló tó sọ fún ọkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yẹn gan-an ló sọ, ọkọ ẹ̀ sì bá a lọ nígbà tí ọdún pé. Nẹ́gítíìfù ni. Ó fi bíírò kọ ọdún tí tẹ́ẹ̀sì tó kàn bọ́ sí sínú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó sì kọ ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ obìnrin máa pé ọdún mẹ́sàn-án sábẹ́ ẹ̀.